Oúnjẹ kíkúnná ń jẹ èrè àwọn tó ń sin ehoro l'Ékìtì

Bí ọmọ ehoro bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àrùn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn ín l'Adó-Èkìtì, Ìkéré àti Ìyìn kọ́kọ́ máa ń pariwo. Wọn á sáré lọ ra oògùn, wọn á bù ú sómi, ehoro kò sì ní í yéé kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń rántí yẹ àwo oúnjẹ wò. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe àìtó oúnjẹ nìkan ló ń pa ehoro. Oúnjẹ tó kúnná jù, tí kò sì ní háhá nínú, ń pa á pẹ̀lú. Nítorí pé oúnjẹ adìẹ ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, òun ni ọ̀pọ̀ ń rà fún ehoro. Fáíbà, ìyẹn háhá inú ewé àti koríko, kì í sábà ju ìdá 7 nínú 100 lọ nínú oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin. Ehoro tó ń dàgbà nílò ìdá 14, ó kéré tán. Ẹni tó ń fún un ní oúnjẹ adìẹ nìkan ti gba ìdajì ohun tí ìfun rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ehoro kì í ṣe adìẹ, kì í sì í ṣe ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Àpò ńlá kan wà lápá ìsàlẹ̀ ìfun rẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò tíntìntín tójú kò lè rí ti ń bá a po oúnjẹ. Ìfun ọ̀hún mọ nǹkan ṣà. Èyí tó tóbi tó sì le, á tètè tì í síta gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́ gbígbẹ rogodo. Èyí tó kúnná, tí kò ju nǹkan bíi 0.3 mìlímítà lọ, á dá a padà sínú àpò. Nígbà tí wọ́n bá pò ó tán, á jáde bí ìgbẹ́ rírọ̀, ehoro á sì fi ẹnu gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, ibẹ̀ ló ti ń rí èròjà aṣaralóore tó ṣẹ́ kù.

Háhá tó tóbi yìí ló ń mú kí ìfun máa rìn. Bí gbogbo oúnjẹ bá wá di ìyẹ̀fun, kò sí ohun tó ń ti nǹkan lọ mọ́. Oúnjẹ á pẹ́ jù nínú àpò, àgbàdo tó pọ̀ nínú rẹ̀ á di oúnjẹ fún kòkòrò burúkú, ikùn á wú, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló máa ń kú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyá ehoro máa ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 31, ó sì tún máa fọ́mọ lọ́mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá bí mẹ́fà, tí mẹ́ta kú lẹ́yìn tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú, owó oúnjẹ ìyá kò dín kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ló máa san gbèsè àwọn mẹ́ta tó kú. Èrè dà níbẹ̀?

Àwọn kan á ní ewé nìkan kì í jẹ́ kí ehoro tètè tóbi. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ewé àti koríko ló yẹ kó ṣáájú, kí oúnjẹ inú àpò tẹ̀ lé e. Yúnyun, ewé ọ̀dùnkún àti koríko pọ̀ láyìíká Adó-Èkìtì. Kí wọ́n sá a kó rọ díẹ̀, kí wọ́n má ṣe já èyí tí wọ́n fín oògùn sí. Kí wọ́n gé koríko gbẹ pamọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Bí wọ́n bá sì máa pààrọ̀ oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Iṣẹ́ wà fún àwọn tó ń lọ oúnjẹ ẹran náà. Asẹ́ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lọ ti ehoro, asẹ́ tí ojú rẹ̀ tóbi ni. Bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní kóró kóró, bí ohun tó wà nínú kóró náà bá kúnná jù, ibi tí wọ́n ti kúrò ni wọ́n padà sí. Ọ̀dọ́ tó bá sì lè máa di koríko gbígbẹ tà fáwọn olówò ehoro ti rí òwò tí kò gba owó ńlá. Àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn wà ní EKSU, ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ kí ìmọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ehoro mẹ́wàá, ogún lẹ́yìnkùlé.

Lóòótọ́, àrùn gidi wà. Ní ọdún 2020, àrùn tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà pa ehoro ní ìpínlẹ̀ Kwara tó múlé ti Èkìtì. Oúnjẹ kò lè dá irú ìyẹn dúró, dókítà ẹran ni kí wọ́n pè. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ehoro tó ná owó oògùn, kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú oúnjẹ tó ń fún un. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, tí kò sì sí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni èrè ń gbà lọ.