Aago ọwọ́ olówó ńlá: Ṣé èrè ni, àbí náírà ló ń tan àwọn tó ń kó o jọ?

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí tó jẹ́ ìdá 39 nínú 100 lórí ọjà tó ń wọlé láti Switzerland, aago ọwọ́ sì wà lára wọn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dín in kù sí ìdá 15. Láàárín ìgbà méjèèjì, àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńláńlá láti Switzerland lọ bá Ààrẹ Donald Trump ní White House. Ọ̀gá Rolex wà láàárín wọn, aago orí tábìlì Rolex kan sì wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n gbé lọ. Àwọn tó fẹ́ràn aago fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó gidi ni.

Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹni tó ń gbé ní Èkó, Kútọnu tàbí Accra. Ó kàn án. Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè tó ń ra aago Switzerland jù lọ lágbàáyé, nítorí náà tí ọjà bá dàrú níbẹ̀, kò sí ibi tí kò ní mọ̀ ọ́n lára. Wúrà náà ò sì dúró lójú kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ̀n àáńsì wúrà kan kọjá dọ́là 4,000. Rolex ti fi owó kún aago oníwúrà rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún náà. Ghana ló ń wa wúrà jù ní Áfíríkà, apá kan nínú rẹ̀ sì ń lọ sí Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ mọ́. Bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà wá sí Accra lórí ọwọ́ ọlọ́rọ̀ kan, ní iye tí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ fún un kò lè san láéláé.

Síbẹ̀, fún ẹni tó ń kó aago jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe Trump tàbí wúrà ló ń pinnu jù. Owó tí onítọ̀hún ń ná lójoojúmọ́ ni. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò máa ń sọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹkùn: pé aago ọwọ́ tó dáa "kì í já wálẹ̀", pé ìdókòwò ni.

Owó wo ni wọ́n fi ń ka èrè?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ra aago dọ́là 1,000 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Iye tí ìjọba ń pe dọ́là nígbà náà kò ju nǹkan bíi ₦460 lọ, ṣùgbọ́n ta ló rí i rà ní iye yẹn? Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ìgboro, ó tó nǹkan bíi ₦750. Aago náà jẹ ẹ́ ní ₦750,000. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500.

Ká ní ó wá ta aago náà nígbà náà. Aago tòkunbọ̀ ni báyìí, gíláàsì rẹ̀ ti há díẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á sì gbà láti san dọ́là 700. Ìyẹn ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Ẹni tó tà á yóò sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun jèrè ₦300,000. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé aago náà ti pàdánù ìdá 30 nínú 100 iye rẹ̀. Náírà ló já wálẹ̀ ju aago lọ, tí ó fi dà bíi pé aago gòkè.

Lóòótọ́, ó sàn ju kó fi ₦750,000 náà sílẹ̀ ní báńkì. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní dọ́là 1,000 náà ló fi sílẹ̀ nínú àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè, ì bá ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà lọ́wọ́ láìsí pé ó tún nǹkan kan ṣe, láìsí pé ó ń bẹ̀rù olè.

Tí aago kan náà bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kútọnu tàbí Lomé, ìtàn mìíràn ni yóò sọ. Owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ so mọ́ yúrò, CFA 655.957 sí yúrò kan, kò sì tíì yí padà láti ìgbà tí yúrò ti dé ní 1999. Aago rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjì. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjà tòkunbọ̀ ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ń rí i. Ti Ghana tún wá yàtọ̀ sí méjèèjì. Sídì ṣubú gan-an ní 2022, àwọn tó ní aago sì yọ̀ pé ohun ìní àwọn ń gbówó lórí. Ní 2025, sídì gbéra sókè gan-an, aago kan náà, láìsí pé ohunkóhun ṣe é, wá dà bí èyí tó já wálẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá pàdé níbi ìgbéyàwó kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì so irú aago kan náà mọ́wọ́, wọn kò ní gbà fún ara wọn lórí bóyá wọ́n jèrè tàbí wọ́n pàdánù.

Ìgbà kan wà tí aago gòkè nínú dọ́là fúnra rẹ̀. Lásìkò Kòrónà, owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn kan ní ilẹ̀ òkèèrè, wọn kò sì rí ibi ná an sí. Ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n ta Patek Philippe Nautilus kan tó ní ojú àwọ̀ búlúù Tiffany ní gbàǹjo ní New York, ó sì lé ní dọ́là mílíọ̀nù 6. Nígbà tí 2022 fi máa bẹ̀rẹ̀, Rolex Daytona onírin lásán ti kọjá dọ́là 40,000 lọ́wọ́ àwọn alátùntà, nígbà tí iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò tó 15,000. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú aago wọ ọjà náà nígbà yẹn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé owó wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹta 2022 ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, kí 2023 sì tó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ti dànù lórí aago kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rà á ní òkè téńté ṣì ń dúró de ọjọ́ tí owó wọn yóò padà.

Kí ló wà nínú rẹ̀, ta ni yóò sì tún un ṣe?

Ẹni tó fẹ́ràn aago nítorí aago máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú, kì í ṣe láti orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àkókò tó péye nìkan ni èèyàn ń wá, ọ̀rọ̀ náà ti parí láti 1969, nígbà tí Seiko ti Japan gbé Astron jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì. Nínú ọ̀pọ̀ aago oníbátìrì lónìí, òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz ló ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Switzerland run: àwọn òṣìṣẹ́ aago tó tó nǹkan bíi 90,000 ní 1970 kù sí nǹkan bíi 30,000 ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Títí dòní, Casio F-91W oníke tí wọ́n ti ń tà láti 1989 lè sọ àkókò tó péye ju aago olówó mílíọ̀nù lọ.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tó ń kó aago jọ ń sanwó fún ni iṣẹ́ ọwọ́: súpíríǹgì tó ń tú díẹ̀díẹ̀, àwọn àgbá kéékèèké, àti àgbá kan tó ń mì síwá sẹ́yìn, tí èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí ń lù ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ni, ó sì ń fẹ́ òróró bí ẹ̀rọ ọkọ̀. Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì tún un tò.

Ta ni ẹni náà? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ìgbà tí aago bá dúró ni ọ̀pọ̀ ń rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ní Switzerland kì í ta èròjà fún atúnagoṣe tí wọn kò bá fún ní àṣẹ. Ọlọ́gbọ́n ọwọ́ wà ní ìgboro Èkó àti Ìbàdàn tó lè tú aago kó sì tún un tò láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n tí èròjà kan bá kán nínú rẹ̀, kò ní ibi tí yóò ti rí òmíràn rà. Aago á wá lọ sí London tàbí Dubai, owó àtúnṣe rẹ̀ nìkan sì lè ra aago tuntun tó dáa.

Èyí ló mú kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó wo ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀. NH35 tí Seiko ń ṣe àti ẹ̀rọ Miyota tó jẹ́ ti Citizen wà nínú aago oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ káàkiri ayé. Tí ó bá bàjẹ́ pátápátá, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Ní ti Switzerland, ETA àti Sellita ló súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Aago onírú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rà ní tuntun sàn fún olùbẹ̀rẹ̀ ju tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Okùn aláwọ tó lè lo ọdún mẹ́ta ní Geneva lè jẹrà láàárín oṣù díẹ̀ nínú òógùn àti ọ̀rinrin etí òkun. Okùn rọ́bà, ọ̀rá tàbí ṣéènì onírin ló bá ibí mu. Aago tí wọ́n kọ "30m" sí kò ṣeé wẹ̀ nínú odò. Ohun tí ìlànà àgbáyé béèrè lọ́wọ́ aago àwọn òmùwẹ̀ ni mítà 100, ó kéré tán. Tí aago bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kó tó di pé wọ́n tú u, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ rántí bóyá ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí èèpo fóònù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì. Àtúnṣe ìyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ nílò láti ra ohunkóhun. Seiko 5, tó jáde ní 1963, wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ bàbá ní ilẹ̀ yìí, ó ti dúró láti ọdún pípẹ́, kò sì bàjẹ́: òróró inú rẹ̀ ló gan. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò tún máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má kàn jẹ́ kí atúnagoṣe tún ojú rẹ̀ kùn, nítorí ojú àtìgbà ìwáṣẹ̀ yẹn, pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀, ni àwọn tó ń kó aago jọ ń wá. Irú Seiko tí wọ́n ti kùn báyìí, tí wọ́n sì ti fi èròjà aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá ọ̀kan, pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn sì ń wá láti India. Àwọ̀ wọn máa ń dán ju bó ṣe yẹ lọ.

Ayédèrú àti èyí tí wọ́n jí

Ìdánwò kan wà tí gbogbo ọjà mọ̀: pé tí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá ń ṣàn dípò kó máa fò, ojúlówó ni. Ìdánwò náà ti kú. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ti ń fi ẹ̀rọ onísúpíríǹgì sínú tiwọn tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi. Ayédèrú tó dáa jù lónìí, bí wọn kò bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè tan ẹni tó ti ń ta aago fún ogún ọdún. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn nínú ẹ̀rọ, nínú ìwé, àti nínú ìtàn ibi tí aago náà ti wá.

Ìtàn yẹn ló tún ṣe pàtàkì fún aago tó ń bọ̀ láti London nínú àpò àwọn ará ilé. Olè aago gbilẹ̀ níbẹ̀ débi pé, láàárín 2022 sí 2023, àwọn ọlọ́pàá kan wọ aṣọ ìgboro, wọ́n so aago olówó ńlá mọ́wọ́, wọ́n sì ń rìn kiri àárín ìlú lóru kí àwọn olè lè wá já a gbà, kí ọwọ́ sì tẹ̀ wọ́n. Aago tí wọ́n jí lè dé ọjà èyíkéyìí lágbàáyé. Tí wọ́n bá wá gbé e padà lọ sí Yúróòpù fún àtúnṣe tàbí gbàǹjo, nọ́ńbà ara rẹ̀ lè tú àṣírí rẹ̀, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á sì lè pàdánù rẹ̀.

Ní London, The Watch Register ní àkọsílẹ̀ àwọn aago tí wọ́n jí àti àwọn tó sọnù, ẹnikẹ́ni sì lè sanwó kí wọ́n bá a wo nọ́ńbà aago kan kó tó rà á. Owó náà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye aago. Tí ẹni tó ń tà bá wá ní òun kò lè fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn àyàfi tí owó bá ti wọlé, kò sí ìdí fún olùrà láti dúró gbọ́ àlàyé tó kù.