Inú Wo Ni Ẹ Ń Fọ̀?

Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn alákọ̀wé kan báyìí pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fọ ìfun rẹ̀ kò lè jókòó ṣe àṣàrò. Wọ́n ní bí àwọn ará Íńdíà tó ni yóógà ṣe ń ṣe é nìyẹn: kí ènìyàn máa mu omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ohun tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́ bí omi òjò. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún mi ní Ọ̀wọ̀ pé àgbo ìyàgbẹ́ àwọn baba wa lè rọ́pò rẹ̀. Èmi kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ìwé wọn léèrè. Hatha Yoga Pradipika, tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ka ìwẹ̀nùmọ́ mẹ́fà sílẹ̀. Fífa okùn gba ihò imú wà níbẹ̀. Gbígbé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mì kí a tún fà á jáde wà níbẹ̀ (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò). Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rá àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀ ni ìwé náà ní kí ó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ wà déédéé, ó ní kí ó má ṣe é. Ó tún jẹ́wọ́ pé àwọn olùkọ́ kan gbà pé ìkáwọ́ èémí nìkan ti tó láti mú gbogbo ìdọ̀tí kúrò. Ta ni ó wá sọ oògùn ẹnì kan di òfin gbogbo ayé?

Ibi tí àṣìṣe gbà wọlé kò fara sin. Èdè wa pe ikùn ní inú, ó sì pe ibi tí èrò ń gbé ní inú. Bí a bá ní inú lágbájá mọ́, kò sí ẹni tó ń ro ìgbẹ́. Olè lè yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lówùúrọ̀ kí ó sì tún jalè lálẹ́.

Ọ̀wọ̀ kò sì ṣàìní ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún Igogo ní ìrántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, tó fi ààfin sílẹ̀ nítorí pé wọ́n lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọ́n da omi sí àgbàlá, wọ́n sì ju ìdì igi sílẹ̀ gbì. Nígbà ọdún náà, ìlù a dákẹ́, agogo a rọ́pò rẹ̀. Ìbọn kì í dún. Ọkùnrin a ṣí fìlà, obìnrin a tú gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin. Òǹkàwé lè ní ọdún kì í ṣe àṣàrò. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìlú ń mú kúrò kí ó tó kojú ohun ọ̀wọ̀: ariwo ni, ìgbéraga orí ni. Kò sí ẹni tó bèèrè ìfun.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má ká mi lára tó báyìí bí kì í bá ṣe ti ibà Lassa. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èkúté ló ń gbé e kiri. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí a ti kọ́ pé ìdọ̀tí ló ń jáde yóò tún bu àgbo sí i, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ yóò sì máa tán lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn yìí wà ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè dé. Ẹni tó jókòó ti garawa, tó ń dúró kí omi mọ́, kì í tètè dé.