Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Iye tí ó Tan Amòye

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n, ẹ kọ iye yìí sílẹ̀: 4,294,967,297. Bí a bá fi ọ̀kẹ́ kà á, ọ̀kẹ́ 214,748 ni, ó sì lé 7,297.

Ẹ mú 2, ẹ fi òun tìkára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 4. Ẹ ṣe 4 bẹ́ẹ̀, ó di 16. Lẹ́yìn náà 256, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó rí 3, 5, 17, 257, 65,537, àti iye wa yìí ní ìkẹfà.

Kò sí ohun tí ó lè pín márùn-ún ìṣáájú láìṣẹ́kù, bí kò ṣe 1 àti àwọn fúnra wọn. Nítorí náà ni Fermat, ìjòyè ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ṣe gbàgbọ́ ní 1640 pé gbogbo ìyókù rí bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ rí ẹ̀rí. Ní 1732 ni Euler wádìí ìkẹfà, ó sì rí i pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni.

Òtítọ́ márùn-ún kò sọ ìkẹfà di òtítọ́. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pàápàá kọ́ wa láti wádìí ohun gbogbo. Bí ọmọ bá bi wá ní ẹ̀rí ọ̀rọ̀ wa, kí a má ṣe pè é ní aláfojúdi. Ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù ní alẹ́ yìí, kí ó ṣe ìṣirò Euler fúnra rẹ̀.