Igbó Tí Kò Ní Ẹ̀rọ Omi

Ilé ìwé ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi, ìbéèrè tí gbogbo wa sì ń bi ara wa ni pé, kí la fẹ́ fi àwọn ọmọ yìí ṣe báyìí? Àwọn kan á wá ibi tí wọ́n á máa rán wọn lọ láàárọ̀, àwọn kan á fi wọ́n sílẹ̀ sídìí fóònù. Èmi ní àbá kan tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ẹ kó wọn lọ sùn nínú igbó orí òkè fún òru kan. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kọ́ balùwẹ̀ sí, tí iná mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ kọ̀ọ̀kan o. Igbó gidi ni mò ń wí. Kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹni tó máa wá kó ìdọ̀tí.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí tiwa máa sọ. Màmá mi ti sọ ọ́ fún mi: "Ṣé torí kí ọmọ ọmọ mi lè máa sùn nínú igbó ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà?" Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbà kòkó ni wọ́n ti dàgbà. Lójú tiwọn, igbó kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, ibi iṣẹ́ ni, ẹni tó bá sì ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn kì í fẹ́ padà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ibi iṣẹ́ ni gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ lọ.

Ilẹ̀ wo là ń sọ?

Ní Amẹ́ríkà, igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní National Forest jẹ́ 154, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó wọn sì tó mílíọ̀nù 193 éékà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ibi tí kò sí àmì àgọ́ kankan. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dispersed camping ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Òfin igbó kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ẹ pe ọ́fíìsì igbó tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbà kí ènìyàn dáná lásìkò yẹn, kí ẹ sì gba máàpù tó ń fi ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà hàn. Ọ̀fẹ́ ni máàpù yẹn náà.

Fún àwa tí a wà ní Atlanta, igbó Chattahoochee ní àríwá Georgia ló sún mọ́ wa jù, bíi wákàtí méjì sí ilé. Inú rẹ̀ ni Brasstown Bald wà, òkè tó ga jù ní Georgia, 4,784 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀yin ará Maryland àti Virginia, igbó George Washington àti Jefferson wà nítòsí yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ontario, ọjọ́ 21 ni ẹni tó ń gbé Kánádà lè fi pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ojú kan lórí ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Crown land. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fàyè gbà á. England ló le díẹ̀: ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, àfi apá kan ní Dartmoor, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni aláìlólówó

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé bí wọn ò tilẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa, ẹlòmíràn ti san án. Àwọn Cherokee ló ni òkè àríwá Georgia yẹn kí ìjọba tó fi ipá lé wọn kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1838. Lẹ́yìn náà ni àwọn agégẹdú wọlé, wọ́n gé igi ibẹ̀ títí òkè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀. Òfin ọdún 1911 ló jẹ́ kí ìjọba lè máa ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, wọ́n sì sọ Chattahoochee di igbó ìjọba àpapọ̀ ní 1936. Àgbọ̀nrín pàápàá ti tán níbẹ̀. Aṣọ́gbó kan, Arthur Woody, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ ra ọmọ àgbọ̀nrín ní 1927, tó tọ́ wọn dàgbà, tó sì tú wọn sílẹ̀ padà sínú igbó. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá rí àgbọ̀nrín láàárọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹnì kan ló ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ní orúkọ ọmọ lára

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Iṣẹ́ tí à ń fún àwọn ọmọ wa nílé, ẹ̀bìtì tí kò mú ẹran ni. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún 11, ló ń da ìdọ̀tí nù. Bí ò bá dà á, èmi á dà á, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àbà ti màmá mi, bí ọmọ ò bá pọn omi, kò sí omi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, igbó ló sì lè dá a padà fún wa.

A máa ń pín iṣẹ́ kí a tó kúrò nílé, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a ṣe ń pín in nìyí.

Olómi: òun ló ń ka kẹ́ẹ̀gì sínú mọ́tò. Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu àti sísè. Bí ẹ bá máa bu omi odò mu, kó mọ́ lójú kì í ṣe kó mọ́ nínú. Kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ẹ bá wà lórí òkè tó ju 6,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, bíi ti Colorado, kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, ọmọ ọdún 11 yẹn náà ló di olómi mú. Nígbà tó di àsìkò gàrí lálẹ́, kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló gbé síwájú wa, ó ní èyí tó kù, ti àárọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Oníná: igi tó ti gbẹ, tó ti wó sílẹ̀, tí kò sì nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ni kó máa ṣẹ́. Ẹ má gé igi tútù. Ẹ má sì kó igi ìdáná láti ilé lọ, torí kòkòrò tó ń pa igi máa ń bá a wọ igbó. Pípa iná ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ ò tíì lè kúrò níbẹ̀.

Oníhò: àwọn ọmọ máa ń fi iṣẹ́ yìí ṣe ẹ̀rín títí tí wọ́n á fi rí i pé òótọ́ ni. Ṣọ́bìrì kékeré ni a fi ń gbẹ́ ihò tó jìn tó ínṣì 6 sí 8, ní ibi tó jìnnà sí odò, sí ọ̀nà àti sí àgọ́ tó 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà 70. Ẹ bo ihò náà padà, ẹ di pépà sínú ọ̀rá kí ẹ gbé e lọ sílé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú igbó yìí, kò sí ẹni tó ń kó o.

Olóúnjẹ: béárì dúdú wà lórí àwọn òkè yẹn. Kì í sábà wá ènìyàn, oúnjẹ ló ń wá. Ohunkóhun tó bá ní òórùn, títí kan ọṣẹ ìfọyín àti ìpara, kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́. Ẹ tì í pa sínú mọ́tò, tàbí kí ẹ fi okùn so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka, kí oúnjẹ náà fi 12 ẹsẹ̀ bàtà ga sí ilẹ̀, kó sì jìnnà sí ìdí igi. Ẹ dákun, ẹ fi panla sílẹ̀ nílé. Gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà àti iṣu tí a ó sun nínú ẹyinná ti tó. Bí ẹ bá pàdé béárì, ẹ má sáré. Ẹ kó àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀.

Ìpín ti àgbàlagbà ni ibi tí àgọ́ máa wà. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Kí ẹ tó tẹ́ àgọ́, ẹ gbójú sókè: ṣé igi tó ti kú tàbí ẹ̀ka tó gbẹ wà lókè yín? Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tan ṣítóòfù tàbí èédú nínú àgọ́ láé, bó ti wù kí òtútù mú tó, torí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú oorun. Òtútù á sì mú o, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ẹ kó súwẹ́tà. Ní òwúrọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún àwọn ọmọ bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Ẹ sì fi ewé tó máa ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta hàn wọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó ń yún ni bíi wèrèpè.

Ẹ̀rù kejì

Ẹ̀rù kan wà tí a kì í fẹ́ sọ níwájú àwọn ọmọ. Kì í ṣe ti béárì. Àwa aláwọ̀ dúdú ni, nínú ìlú kékeré lórí òkè, níbi tí fóònù kò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí a ò mọ ẹnì kankan. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ohun tí à ń ṣe ni mo lè sọ. Ìdílé méjì la máa ń jọ lọ. A máa ń kún epo mọ́tò kí a tó gun òkè. A máa ń dé ibi tí a fẹ́ sùn kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lójú ọ̀nà. A máa ń yà sí ọ́fíìsì igbó, kí wọ́n rí ojú wa, kí a rí tiwọn. A sì máa ń kọ orúkọ ọ̀nà àti wákàtí tí a ó padà sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé: bí a ò bá pe yín ní aago yìí, ẹ pe ọlọ́pàá. Bí ibì kan kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a máa ń kúrò níbẹ̀. Kò sí àlàyé tí a jẹ ẹnikẹ́ni. Igbó yẹn jẹ́ tiwa bó ṣe jẹ́ ti ẹlòmíràn, owó orí wa wà nínú rẹ̀.

Èdè tó ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń ráhùn pé àwọn ọmọ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́. Ẹ wò ó, kí ni wọ́n fẹ́ fi sọ? Nínú ilé tí ẹ ti ń tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n nílò? Nínú igbó, ẹ ó nílò pọn, bù, dà, ṣẹ́, kó, dì, tú, so, gbẹ́, bò, dáná, paná. Ọwọ́ ọmọ ń ṣe é bí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní "Tú okùn yẹn," ó máa tú u, torí okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi ń ròyìn fún màmá mi lórí fóònù, àbúrò ní, "Grandma, mo gbé omi." Màmá ní, "Níbo lo ti gbé e? Ṣé nínú odò ni? Pípọn lo pọn ọ́n." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń pọn omi ní ìdájí kí ẹlòmíràn tó da odò rú. Ọdún mélòó ni mo ti fi jẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mi ò sì ní ìbéèrè tí mi ò bá fi bí wọn, torí èmi náà ò pọn omi rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òru kan

Ẹ kọ́kọ́ ta àgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ rí i bóyá ó ń jò. Ẹ yan òpin ọ̀sẹ̀ tí òjò kò ní rọ̀. Òru kan ṣoṣo ti tó, bí ọmọ kékeré bá sì ń sunkún ní aago mẹ́wàá, tó ní òun fẹ́ lọ sílé, ẹ gbé e lọ sílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, igbó kò ní kúrò níbi tó wà.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò láàárọ̀, kí gbogbo ọmọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n rin ilẹ̀ tí ẹ sùn sí já láti ìkángun kan dé èkejì. Ọ̀rá, ìdérí ìgò, èèpo ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sùn síbẹ̀ lọ́la. Ó dìgbà kan ná o.