Ọ̀pá Ìpẹja Tó Wọ Inú Báàgì Kì Í Ṣe Ọ̀pá Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí ti di àríyànjiyàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wálé ní Kérésì. Wọ́n ní àwọn máa mú ọ̀pá ìpẹja kan bọ̀ fún mi, kí n yan ọ̀kan nínú méjì: èyí tó ní ríìlì tí wọ́n ń ká okùn sí, tàbí èyí tí kò ní. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n mú èyí tó ní ríìlì, pé èkejì dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Èmi ò gbà. Èyí tí kò ní ríìlì ni mo fẹ́, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹja tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọ̀pá méjèèjì. Trout lorúkọ ẹ̀. Omi tútù ló fẹ́ràn, irú omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè. Tí omi bá ti ń gbóná, ara kì í rọ̀ ọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí i nínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ní Áfíríkà, ó wà ní àwọn odò tó ń ṣàn láti Òkè Kenya, àwọn òyìnbó ló kó o débẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn. Ní Colorado ní tiwọn, ìbílẹ̀ ni oríṣi kan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ débi pé láti ọdún 1994 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò orí òkè yìí, mọ́tò ò lè débẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà míì wọ́n á sùn síbẹ̀. Àgọ́, oúnjẹ, omi, aṣọ òtútù, ìkòkò, gbogbo ẹ̀ ló máa wà lẹ́yìn ẹni tó ń gun òkè. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún máa gbé ọ̀pá gígùn gbọọrọ kọ́ èjìká láàárín igi?

Àwa tá a wà ní bọ́díǹ yẹ kó yé wa ju gbogbo èèyàn lọ. Àpótí kan, báàgì kan, ìyẹn ni òfin. Ohun tí kò bá wọ inú ẹ̀, ilé ló ń kù sí. Ohun tó bá sì kù sílé, wúrà ni wọ́n ì báà fi ṣe é, kò lè wúlò fún ẹ níbi tó o wà. Èmi tí mò ń ti Èkó wọ mọ́tò wá sí Jos, tí mo máa ń gbé báàgì lé orí ẹsẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀pá náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ẹkòló pẹja rí, ẹ mọ̀ pé ìdẹ yẹn wúwo díẹ̀, a sì lè so òjé mọ́ okùn kó lè rì. Ṣùgbọ́n trout máa ń jẹ kòkòrò, títí kan èyí tó bá já sínú omi. Nítorí náà, wọ́n á mú ìwọ̀ kékeré, wọ́n á fi òwú àti ìyẹ́ àkùkọ wé e lára títí á fi jọ eṣinṣin. Eṣinṣin àtọwọ́dá yìí fúyẹ́ gan-an. Tó o bá jù ú lásán, iwájú ẹsẹ̀ ẹ ló máa já sí. Okùn ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Ọ̀pá á ju okùn bí ẹní na pàṣán, okùn á sì gbé eṣinṣin lọ síbi tó yẹ.

Ọ̀pá tó ní ríìlì máa ń lo okùn tó nípọn, ó sì lè jù ú jìnnà réré. Mi ò sọ pé kò dáa. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀ tó ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí méje kó lè wọ báàgì. Ṣùgbọ́n tó o bá dé etí odò, wàá tò ó pọ̀, wàá de ríìlì mọ́ ọn, wàá wá máa ki okùn bọ inú àwọn òrùka wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, tenkara lorúkọ ẹ̀, Japan ló ti wá. Ọ̀pá, okùn, eṣinṣin àtọwọ́dá, ó parí. Ṣóńṣó ọ̀pá gan-an ni wọ́n ń so okùn mọ́. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é lóde òní, ó sì máa ń wọnú ara ẹ̀ bí eriá rédíò. Tó o bá fà á jáde, ó lè gùn tó mítà 3.6. Tó o bá tì í padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju rúlà wa ti 30 sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ni kò sì wúwo tó 100 gíráàmù. Ìwé nóòtì tá à ń gbé lọ sí prep wúwo jù ú lọ.

Kì í ṣe pé ó kéré nìkan o. Nínú odò orí òkè, ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Odò ibẹ̀ tóóró, òkúta ńláńlá kún inú ẹ̀. Ẹ̀yìn òkúta, níbi tí omi ti rọ̀, ni trout máa ń sá sí, tí á máa dúró de oúnjẹ. Omi tó ń sáré sì wà láàárín ìwọ àti ibẹ̀. Tí okùn tó nípọn bá já lé omi tó ń sáré, omi á wọ́ ọ lọ, eṣinṣin náà á máa sáré tẹ̀ lé e, ẹja á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tenkara gùn, okùn ẹ̀ fúyẹ́, o lè gbé okùn náà sókè kúrò lójú omi, kó jẹ́ eṣinṣin nìkan ló máa léfòó lọ jẹ́jẹ́.

Láyé àtijọ́, ọparun ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn apẹja orí òkè Japan ń fi pa ẹja tí wọ́n ń pè ní iwana, yamame àti amago, wọ́n á sì tà á fún àwọn ilé àlejò. Kì í ṣe eré lọ́wọ́ wọn, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ní 2009, Daniel Galhardo, ọmọ bíbí Brazil, dá Tenkara USA sílẹ̀ kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè rà á. Ní 2014, Yvon Chouinard tó dá ilé iṣẹ́ Patagonia sílẹ̀ àti àwọn méjì míì kọ ìwé kan, Simple Fly Fishing, tenkara ni wọ́n sì fi kọ́ni níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn lówó ríìlì tó bá wù ú o.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní, tí ẹja ńlá bá gbé e ńkọ́? Òótọ́ ni, kò sí okùn tó o lè tú sílẹ̀ fún un, àfi kó o máa tẹ̀ lé e létí odò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ẹja ńlá láàárín adágún, tàbí tí atẹ́gùn bá le, ẹ lọ mú ríìlì yín, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n nínú odò kékeré orí òkè, oúnjẹ ò pọ̀, òtútù ń mú, ọ̀pọ̀ trout ibẹ̀ ò gùn ju rúlà kan lọ.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí ni èyí tí ẹnì kan sọ, pé, "Ṣebí igi táwọn ọmọ abúlé fi ń pẹja náà nìyẹn." Ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ màmá àgbà mi, ọparun, okùn ọ̀rá àti ìwọ̀ làwọn ọmọ fi ń pa ẹpìyà. Kò sí ríìlì, wọ́n sì ń gbé ẹja lọ sílé fún ọbẹ̀. Tiwọn yàtọ̀ sí tenkara díẹ̀, ẹkòló ni wọ́n ń lò, wọn kì í ju okùn bíi pàṣán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: má gbé ju ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti Japan wá, ọgbọ́n là ń pè é, tó bá wà ní Ẹ̀pẹ́, ìṣẹ́ là ń pè é? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Sátidé tó ń bọ̀ ni àbúrò màmá mi máa pè mí lórí fóònù alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì wa láti gbọ́ èyí tí mo yàn. Tenkara ni mo máa sọ. Ó máa wọ àpótí mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, á tún wọ̀ ọ́ padà wá sí Jos, àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ náà á sì lè fi pa ẹpìyà. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, ààyè wà nínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀. Kó kọ tiẹ̀, kó sì sọ bó ṣe máa gbé e wọ mọ́tò.