Rélùwéè Àgbàdo sí Òyìngbò: Ọ̀rọ̀ Kóòṣì Nìkan Kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ojú irin Ìjókòó sí Ìdó dáadáa láyé ọjọ́sí, ẹ ò ní í gbàgbé àwọn géńdé tó máa ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ti kún fọ́fọ́, ẹnu ọ̀nà ò ṣe é gbà kọjá, ni wọ́n bá gòkè lọ, wọ́n á jókòó bí ẹni tó wà lórí ẹní nílé bàbá ẹ̀. Àwọn kan tibẹ̀ jábọ́, wọn ò sì délé mọ́. Kì í ṣe pé orí wọn dàrú o. Wọ́n mọ̀ pé tí èyí bá fi lè lọ, òmíràn ò ní í tètè dé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ò sì ní í gbọ́ àwáwí.

Ìdí nìyẹn tí inú àwọn ará Àgbàdo, Ìjù àti Agége fi dùn nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí Red Line lọ́jọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024. Kìlómítà 27 ni, títí dé Òyìngbò. Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún náà lèrò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà mọ́, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ ò ní í mọ̀ pé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà ní Òṣòdì. Àmọ́ ìwọ̀nba ló ń rìn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí ìjọba so kóòṣì mọ́ kóòṣì. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Ká ní ọkọ̀ kan lè kó èèyàn 1,000. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọjá ní wákàtí kan, 1,000 náà ló kó. Ẹ sọ kóòṣì ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó di 2,000. Tó bá wá ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láìfi kóòṣì kankan kún un, 6,000 ni.

Kí ló dé tí kò wá rí bẹ́ẹ̀? Red Line ò bẹ̀rẹ̀ lórí rélì tiẹ̀. Rélì ìjọba àpapọ̀, èyí tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà láti ọdún 2021, ni wọ́n jọ ń lò. Ọkọ̀ Ìbàdàn fẹ́ sáré lọ, ti Àgbàdo gbọ́dọ̀ máa dúró lọ́nà, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábà. Ọkọ̀ ojú irin ò sì lè yà fúnra wọn bíi dánfó. Èyí tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jìnnà sí tiwájú, torí bíréèkì ẹ̀ kì í tètè mú un. Àfi bí ayálégbé tó ń bá onílé lo ilé ìdáná kan ṣoṣo.

Ẹ wo Blue Line, Mile 2 sí Màrínà, tó ní ojú irin tiẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, ìrìn 12 lójúmọ́, ẹ́ńjìnnì onídísù ló ń fà á. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí iná mànàmáná loṣù tó tẹ̀ lé e, LAMATA sọ ọ́ di 54. Kìlómítà 13 yẹn ò sì gùn sí i o.

Ọkọ̀ Red Line gan-an tiẹ̀ ní ìtàn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà ló ní kí Talgo kọ́ ọ, kó lè máa ná Milwaukee sí Chicago. Scott Walker wọlé ìbò gómìnà lọ́dún 2010, ó kọ̀yìn sí iṣẹ́ rélùwéè tí gómìnà tó ṣáájú ẹ̀ dáwọ́ lé. Bí ọkọ̀ ṣe dúró sójú kan nìyẹn, títí Babájídé Sanwó-Olú fi lọ rà á lóṣù kìíní, ọdún 2022. Ọkọ̀ ìlú sí ìlú ni wọ́n ṣe é fún, kò ní ilẹ̀kùn rẹpẹtẹ tí èrò lè fi ya wọlé, ya jáde, ìyẹn sì ń jẹ àsìkò ní gbogbo ibùdókọ̀. Irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Wisconsin yìí ò ṣàjèjì l'Ékòó. Metroline tí Lateef Jákàńdè dáwọ́ lé ní 1983, ìjọba ológun Muhammadu Bùhárí ló fagi lé e ní 1985. Bùhárí yìí kan náà ló wá ṣí Blue Line ní 2023. Ilé ayé!

Ohun tó yẹ káwọn ará Àgbàdo máa bi LAMATA ni pé ìgbà wo ni Red Line máa ní rélì tiẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ ilẹ̀ tí rélì yẹn máa gbà, káwọn onísọ́ọ̀bù tó gbà á tán? Tí wọ́n bá sì tún fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn, ilẹ̀kùn mélòó ló ní?