Ajá Ẹni tí Ó Ń Ṣí Kúrò Nílùú

Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti gbé ilé-ẹ̀kọ́ Póli rẹ̀ láti Àkúrẹ́ wá sí Adó-Èkìtì ní 1982, tí a sì dá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá sílẹ̀ ní 2009, àlejò kò wọ́n mọ́ lójú ọ̀nà Adó sí Ìjan. Olùkọ́ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agùnbánirọ̀ tí kì í lò ju ọdún kan lọ. Àwọn kan nínú wọn a máa sin ajá nítorí olè, àwọn mìíràn nítorí pé ilé dá. Nígbà tí àtilọ bá dé, wọn a di ẹrù, wọn a pe ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ajá kì í sì í wá sí wọn lọ́kàn títí di àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú ọ̀ràn yìí, ajá ń gbọ́. Ọdẹ ni kò fọn fèrè.

Lójú tèmi, ẹni tí ó sin ajá jẹ ẹ́ ní gbèsè kan: kí ó wá ilé fún un kí ó tó lọ. Àwọn kan yóò wí pé ènìyàn gan-an kò rí jẹ, kí ni ti ajá? Wọn kò purọ́ ní ti ebi. Ṣùgbọ́n wíwá ilé fún ajá kò gba owó; àkókò ni ó gbà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Èyí tí ó burú jù ni kí á tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù. A kò ṣàì mọ̀ pé àwọn kan ń jẹ ẹran ajá ní ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì, àti pé ajá ni oúnjẹ Ògún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìrè-Èkìtì kò jìnnà sí wa. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ajá tí a sọ ní orúkọ, tí a ń pè tí ó ń sáré wá, kò yẹ ní ẹran ọbẹ̀. (Yorùbá tilẹ̀ a máa fi orúkọ ajá pa òwe: ẹni tí ó pe ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la mọ aládùúgbò tí ó ń bá wí.) Bí ẹnì kan bá dé, tí kò béèrè orúkọ ajá, tí kò béèrè ohun tí ó ń jẹ, tí ó kàn ń fi ojú wọn bí ó ti sanra tó, ẹ má ṣe fà á lé e lọ́wọ́.

Títú u sílẹ̀ ní ìgboro náà kò dára. Ọ̀ràn yìí kò mọ sí àánú, nítorí dìgbòlugi wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn náà mú, bí 99 ni ó ti ara ajá kó o, àti pé bí 40 nínú 100 àwọn tí ó ń pa kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà ń já sí. Ta ni yóò mú ajá aláìnílé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún? Àwọn oníwádìí sì ti rí àrùn yìí nínú ọpọlọ ajá tí a pa fún títà ní Nàìjíríà, nítorí náà alápatà pàápàá wà nínú ewu.

Ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni kí á fún: aládùúgbò tí ajá náà ti mọ òórùn rẹ̀, tàbí ìdílé tí ó ní ọgbà. Ọdẹ lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n ajá ilé kò mọ igbó. Kí á mú un lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú. Kí á fún wọn ní ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀, abọ́ rẹ̀ àti àkísà tí ó ń sùn lé. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ajá a máa wá ilé àtijọ́ rẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú ọ̀nà Ìjan kì í sì í dúró de ajá. Bí ó bá sá padà síbẹ̀, kí ẹni tí ó kù nínú ilé náà ti mọ ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí.